Àwòrán Tí Kò Mọ́lẹ̀: Àlàyé Lórí Àìsàn Ojú Kọ̀ǹpútà Aláwọ̀ Kan

Ìfáárà

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ èdè àti àṣà ni ó dìde lónìí láti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ. Ọ̀ràn kan tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi ni ó fà á. Àwọn àgbà sì bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni pé kí n sọ ọ̀ràn náà, kí n ṣàlàyé bí àwòrán ṣe ń dé ojú kọ̀ǹpútà àtijọ́, kí n sì to àwọn àmì àìsàn rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú ohun tí ó ń fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tí wọ́n ti di olóògbé ni akọ̀wé ẹbí wa ní agboolé wa ní Bẹyẹrúnkà, nínú Ìbàdàn àtijọ́. Láàárín ọdún 1988 sí 1991, wọ́n jókòó ti àwọn ìyá àgbà tí ó ṣẹ́kù nínú agboolé náà, wọ́n gba oríkì orílẹ̀ wa lẹ́nu wọn, wọ́n gba orúkọ àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀, wọ́n sì gba àlàyé bí a ṣe pín ilẹ̀ oko láàárín ojúlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Inú kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n rà ní àlòkù ni wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀ sí. Ojú kọ̀ǹpútà náà dà bí amóhùnmáwòrán kékeré. Lẹ́tà aláwọ̀ ewé ni ó sì ń hàn níbẹ̀ lórí ilẹ̀ dúdú.

Àwọn ìyá náà ti lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi náà ti lọ. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde nígbà náà, ikán ti jẹ ẹ́. Ní ọdún 2014, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín ojúlé méjì lórí ilẹ̀ oko, gbogbo ẹbí sì rántí pé ohun tí àwọn ìyá sọ wà nínú ẹ̀rọ. A gbé e jáde, a nu eruku ara rẹ̀, a sì tan án. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ dáhùn. A gbọ́ ìró rẹ̀ bí ó ti ń jí. Ojú rẹ̀ ni kò ríran. Àwòrán fún wọ àárín, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò, àwọn lẹ́tà kò já gaara, gbogbo rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Èmi tí wọ́n pè ní ọ̀mọ̀wé nínú ẹbí ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́.

Mo ṣe àṣìṣe kan lójú ẹsẹ̀. Mo yí bọ́tìnì ìmọ́lẹ̀ dé òpin, mo sì fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún odindi ọjọ́ mẹ́ta, èrò mi sì ni pé bí a bá bu epo kún fìtílà, iná rẹ̀ yóò mọ́lẹ̀ sí i. Ẹ óò gbọ́ ohun tí àṣìṣe náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá wa.

Bí àwòrán ṣe ń dé ojú ẹ̀rọ

Irú ojú ẹ̀rọ yìí kò ṣàjèjì sí Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Agodi, ní àkókò tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Láti ìgbà náà ni àwọn atúnrédíòṣe ìlú yìí ti ń fi ọwọ́ kan ìgò àwòrán, èyí tí àwọn fúnra wọn ń pè ní túùbù. Ìgò kan náà ni ó wà lójú kọ̀ǹpútà àtijọ́. Karl Ferdinand Braun, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ jáde ní ọdún 1897, ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ kò sì yí padà púpọ̀ láti ìgbà náà.

Wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú ìgò náà jáde. Ní ọrùn rẹ̀ lẹ́yìn, irin tín-ín-rín kan wà tí iná ń mú kí ó pọ́n. Bí ó bá ti gbóná tó, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù a máa tú jáde lára rẹ̀. Agbára iná ńlá tí a so mọ́ apá iwájú ìgò ni ó ń fà wọ́n síwájú. Nínú ẹ̀rọ aláwọ̀ kan tí kò tóbi, agbára yìí lè ju 10,000 fóòtì lọ. Wọ́n ń ṣù jọ di ìtànṣán tín-ín-rín kan, ìtànṣán yìí sì ń lu ẹ̀yìn gíláàsì níbi tí wọ́n ti kun ẹ̀dà kan tí a ń pè ní fọ́sífọ̀. Ibi tí ó bá lù ni yóò tàn. Bí fọ́sífọ̀ náà bá ti rí ni àwọ̀ yóò ti rí: ewé, funfun, tàbí àwọ̀ oyin.

Ibi kan ṣoṣo ni ìtànṣán lè lù lẹ́ẹ̀kan. Kí ó lè ya odindi àwòrán, a ká wáyà bàbà yí ọrùn ìgò ká. Iná tí ó ń gba inú wáyà náà kọjá ń sọ ọ́ di òòfà, òòfà yìí ni ó sì ń ti ìtànṣán láti òsì lọ sí ọ̀tún, àti láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá ti wo ahunṣọ rí yóò mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀kọ̀ ahunṣọ ṣe ń sáré láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, tí aṣọ sì ń gùn ní ìlà kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ náà ni ìtànṣán ṣe ń hun àwòrán. Ìyára rẹ̀ ni kò ní àfiwé. Amóhùnmáwòrán àtijọ́ ilẹ̀ wa ń lo ìlà 625 fún odindi àwòrán kan, ìyẹn 15,625 ìlà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ ẹbí wa tẹ̀lé ìlànà mìíràn, èyí tí ilé-iṣẹ́ IBM gbé jáde ní ọdún 1981. Ó ń hun 18,432 ìlà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń tún odindi àwòrán yà ní ìgbà 50. Ojú rẹ̀ gba ìlà ọ̀rọ̀ 25, ìlà kọ̀ọ̀kan sì gba lẹ́tà 80.

Ìyàtọ̀ iye wọ̀nyí ni ìdí tí a kò fi lè gbé amóhùnmáwòrán ilé dípò ojú kọ̀ǹpútà náà. Ọ̀kan ń sáré ju èkejì lọ, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè jọ jó. Ẹni tí ó bá fi tipátipá so àwọn ojú ẹ̀rọ kan lára irú èyí mọ́ àmì tí kì í ṣe tiwọn lè jó ẹ̀yà inú wọn níná.

Ìkìlọ̀ kí a tó ṣí ẹ̀rọ

Nígbà tí mo sú, mo gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá atúnrédíòṣe kan ní Bẹẹrẹ. Wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà kí a tó máa rí àwòrán aláwọ̀ mèremère ní ilẹ̀ yìí. Bí mo ṣe na ọwọ́ láti ran àwọn ọmọṣẹ́ wọn lọ́wọ́ láti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n pariwo mọ́ mi.

“Tíṣà, ẹ mú ọwọ́ kúrò! Iná tí a ti pa kò tíì kú.”

Wọ́n fi àpá kan hàn mí ní àtẹ́lẹwọ́ wọn. Ìgbà tí wọ́n wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni wọ́n gbà á, ẹ̀rọ tí wọ́n ti yọ plọ́ọ̀gì rẹ̀ kúrò ní ògiri ni ó sì gbé wọn lu pákó. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó wà níhìn-ín fi àwọn kókó wọ̀nyí sọ́kàn:

(a) Ìgò àwòrán fúnra rẹ̀ a máa pa iná mọ́ra lẹ́yìn tí a bá ti yọ wáyà kúrò ní ògiri. Kapásítọ̀ ńlá tí ó wà ní ibi tí iná ti ń wọlé náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ti ìgò lè gbé ènìyàn ṣubú. Ti kapásítọ̀ lè pa ènìyàn.

(b) Atúnrédíòṣe a máa tú iná yìí dànù kí ó tó ṣiṣẹ́. Yóò so wáyà mọ́ irin ara ẹ̀rọ ní apá kan, yóò so apá kejì mọ́ irin sukudiráfà olórí pákó tàbí rọ́bà, yóò sì ti ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ fìlà rọ́bà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò. Ìró kékeré kan a dún. Wọn a dúró díẹ̀, wọn a tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé iná a máa padà jọ díẹ̀díẹ̀.

(d) Nínú ọ̀pọ̀ amóhùnmáwòrán àtijọ́, irin ara ẹ̀rọ ni a so mọ́ ọ̀kan nínú wáyà méjì tí ó ti ògiri wá. Bí a bá ki plọ́ọ̀gì bọ ibẹ̀ ní òdìkejì, gbogbo irin náà di iná. Ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, wọn a fi èkejì sẹ́yìn, kí iná má baà gba àyà kọjá.

(e) Ọrùn ìgò kò nípọn. Bí ó bá ṣẹ́, afẹ́fẹ́ yóò ya wọ inú rẹ̀ lójijì, àfọ́kù yóò sì fò kiri. Ẹ má ṣe fi ọrùn rẹ̀ gbé e láé.

Ẹni tí kò bá kọ́ iṣẹ́ yìí, kí ó dúró sí ìta àpótí. Inú mi dùn láti sọ pé ohun púpọ̀ wà tí a lè mọ̀ láti ìta.

Ìbéèrè mẹ́ta tí ó ṣáájú

Bàbá kò tíì fọwọ́ kan sukudiráfà tí wọ́n fi bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta. Mo rí i lẹ́yìn náà pé àwọn ìbéèrè yìí ni olórí iṣẹ́.

Ìkíní: irú iná wo ni ẹ ń fún un? Mo ní iná ìjọba. Wọ́n ní kí n lọ wọ̀n ọ́n ní alẹ́. Mo fi mítà wọ̀n ọ́n ní Bẹyẹrúnkà ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, 165 fóòtì ni mo bá, bẹ́ẹ̀ 220 ni ẹ̀rọ náà ń retí. Bí iná bá rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìtànṣán kò ní lágbára, wáyà òòfà kò ní lè tì í dé etí gíláàsì, àwòrán yóò sì fún. Ọ̀pọ̀ ojú ẹ̀rọ ni wọ́n ti sọ pé ó ti kú ní ìlú wa tí ó jẹ́ pé ebi iná ni ó ń pa á. A fi sítébíláísà sí i. Àwòrán gbòòrò díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì wọ́. Èyí já sí pé iná ìjọba jẹ́ apá kan ẹ̀bi náà, kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Ìkejì: kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣàìsàn ni tàbí ojú rẹ̀? Wọ́n ní kí n yí ìmọ́lẹ̀ sókè fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, títí ilẹ̀ ẹ̀yìn lẹ́tà yóò fi hàn bí aṣọ ṣíṣú. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́tà nìkan ni ó wọ́ tí etí ilẹ̀ náà gún, kọ̀ǹpútà tàbí wáyà tí ó so wọ́n pọ̀ ni kí a wò. Bí etí ilẹ̀ náà bá wọ́ pẹ̀lú, ojú ẹ̀rọ ni ó ni àìsàn. Tiwa wọ́ pẹ̀lú.

Ìkẹta: ṣé bákan náà ni ó ṣe ń ṣe láti ìgbà tí ẹ bá ti tàn án títí ẹ ó fi pa á? Mo rántí pé bí ó bá ti tàn fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ó ń dára díẹ̀. Bàbá mi orí. Wọ́n ní àìsàn tí ooru ń wò sàn díẹ̀ jọ ti kapásítọ̀ tí ó ti gbẹ. Èyí tí ooru ń mú burú sí i sábà máa ń jẹ́ ti ojú lẹ́ẹ̀dì tí ó ti sán tàbí ẹ̀yà mìíràn tí ó ti ń kú lọ.

Àwọn àmì àìsàn àti ohun tí ó ń fà á

(a) Àwòrán tí ó fún. Bí ó bá fún ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, iná tí ń bọ́ ẹ̀rọ náà ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá jẹ́ òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan, apá tí ń ti ìtànṣán wá sílẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ òsì àti ọ̀tún nìkan, apá tí ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: bí a bá ń yí ìmọ́lẹ̀ sókè tí àwòrán sì ń wú bí ìyẹ̀fun tí ó ní ìwúkàrà, tí ó sì ń pòpọ̀, a jẹ́ pé agbára iná ńlá tí ń fa ìtànṣán kò lè gbé ẹrù rẹ̀ mọ́.

(b) Ẹ̀gbẹ́ tí ó wọ́. Iná ìjọba a máa lọ, a máa bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Iṣẹ́ kapásítọ̀ ni láti sọ lílọbíbọ̀ yìí di ṣíṣàn kan náà, bí ìkòkò ńlá ṣe ń gba omi tí ó ń wá ní ìdáwọ́dúró, tí ó sì ń jẹ́ kí ó ṣàn jáde láìdáwọ́dúró. Bí ìkòkò náà bá gbẹ, ìgbì iná náà yóò fara hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán. Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí: lórí ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ní ìgbà 50, ìyára ìgbì náà bá ti àwòrán mu, nítorí náà yóò dúró sójú kan tàbí kí ó máa fà díẹ̀díẹ̀. Lórí èyí tí ń yà ní ìgbà 60, bí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ó ti Amẹ́ríkà wá, ìyára wọn kò bára mu, àwòrán yóò sì máa gbọ̀n. Tiwa ń fà díẹ̀díẹ̀ lọ sókè, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ìgbì méjì. Bàbá ka ìgbì náà, wọ́n sì mọ kapásítọ̀ tí ó ṣẹ̀ kí wọ́n tó ṣí àpótí. Ooru ni ọ̀tá kapásítọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ a máa fi ṣe òṣùwọ̀n pé bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius lé sí i, ọjọ́ ayé rẹ̀ dín sí nǹkan bí ìdajì. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹ̀rọ tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé páànù wa.

(d) Àwòrán tí ó ń yí. Bí ó bá ń ṣàn lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, ẹ̀rọ kò gbọ́ àmì tí ó ń sọ fún un pé àwòrán tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ya sí ìlà gbọọrọ ní ìdàgẹ̀ẹ̀rẹ̀, àmì ìbẹ̀rẹ̀ ìlà ni kò gbọ́. Bọ́tìnì kékeré méjì sábà máa ń wà lẹ́yìn ẹ̀rọ fún èyí. Ẹ yí wọn díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

(e) Ìlà kan ṣoṣo. Bí gbogbo àwòrán bá di ìlà títàn kan tí ó dùbúlẹ̀ ní àárín, apá tí ń ti ìtànṣán láti òkè wá sílẹ̀ ti dákẹ́. Ẹ yára rẹ ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀, ẹ pa á, nítorí pé gbogbo agbára ìtànṣán ń lu ojú kan, yóò sì jó fọ́sífọ̀ níbẹ̀.

(ẹ) Lẹ́tà tí kò já gaara. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ gbígbẹ nu gíláàsì nígbà tí ẹ̀rọ wà ní pípa. Agbára iná inú ìgò a máa fa eruku mọ́ra, ọyẹ́ sì ń kó eruku wá fún wa lọ́dọọdún. Tí òjò bá dé, eruku inú àpótí a gba ọ̀rinrin, iná ńlá a sì máa rí ọ̀nà yọ́ jò; a lè gbọ́ ìró ṣíìṣíì. Lẹ́yìn èyí ni a tó ń wá bọ́tìnì tí ń mú ìtànṣán ṣù jọ, èyí tí ó wà nínú àpótí, tí ó sì jẹ́ iṣẹ́ atúnrédíòṣe.

(f) Òjìji lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán. Lórí amóhùnmáwòrán àtijọ́, èyí kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀rọ rárá. Àmì tí ó gba afẹ́fẹ́ wá tààrà kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ni èyí tí ó kọlu òkè tàbí ilé gíga tó dé. Àmì rédíò ń rin 300 mítà nínú ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá. Apá tí ó hàn nínú ìlà kan gba ìdá 52 irú rẹ̀. Nítorí náà, bí ojú ẹ̀rọ bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40, tí àmì kejì sì rin 600 mítà ju ti àkọ́kọ́ lọ, òjìji rẹ̀ yóò dúró ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ sí ọ̀tún àwòrán. Ẹni tí ó bá ń gbé ní ìlú olókè bí Ìbàdàn, tí òkè Mápó àti òkè Arẹ̀mọ wà láàárín rẹ̀, lè fi rúlà wọn òjìji, kí ó sì mọ bí ọ̀nà tí àmì náà yà gbà ti jìn tó. Ojú kọ̀ǹpútà kì í gba àmì láti ojú ọ̀run. Bí òjìji bá hàn níbẹ̀, wáyà tí ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tàbí ẹnu rẹ̀ ni kí a wò.

(g) Àwòrán tí ó dà tàbí tí ó ń fì. Bí ó bá dà sí ẹ̀gbẹ́ kan láìgbọ̀n, wáyà kíká tí ó wà lọ́rùn ìgò ti yẹ̀. Bí ó bá ń fì, ẹ wo ohun tí ó wà nítòsí: gbohùngbohùn, tiransifọ́mà, tàbí sítébíláísà fúnra rẹ̀. Òòfà wọn ń fa ìtànṣán. Ẹ sún wọn sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kan kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

(gb) Ìmọ́lẹ̀ tí ó ti rẹ̀. Irin tí ń tú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde lọ́rùn ìgò a máa darúgbó. Àwòrán a pẹ́ kí ó tó yọ, ibi tí ó yẹ kí ó mọ́lẹ̀ a sì ràn bí ẹni pé wọ́n fi eérú pa á. Àìsàn yìí kò ní oògùn gidi. Bí a bá sì ń yí ìmọ́lẹ̀ sókè nítorí rẹ̀, ṣe ni a ń yára lo ìwọ̀nba tí ó kù.

Ohun tí a rí nínú ẹ̀rọ náà

Bàbá pààrọ̀ kapásítọ̀ mẹ́rin, wọ́n sì tún lẹ́ẹ̀dì kan jó ní ẹsẹ̀ fláìbákì, níbi tí ó ti sán yíká. Wọ́n tan ẹ̀rọ. Ẹ̀gbẹ́ àwòrán gún bí ògiri, ó sì dé etí gíláàsì. Inú gbogbo wa dùn. Ṣùgbọ́n ó ṣì ṣókùnkùn. Wọ́n bi mí bóyá mo ti fọwọ́ kan bọ́tìnì ìmọ́lẹ̀, mo sì jẹ́wọ́.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Ọjọ́ mẹ́ta yẹn kọ́ ni ó sọ ọ́ di arúgbó, ó ti darúgbó tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ẹ ti sáré pọ̀ lórí ẹsẹ̀ àrùgbó.”

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún ìgò náà ní iná tí ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí mo ti gbọ́ pé àwọn kan máa ń fi bẹ́ẹ̀ jí i. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ó lè mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì lè kú lójú ẹsẹ̀, àti pé ẹni tí ó ní ohun kan ṣoṣo kì í fi í ta tẹ́tẹ́. Wọ́n bi mí pé kí ni mo ń fẹ́ gan-an, àwòrán tí ó mọ́lẹ̀ ni tàbí ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀? Ìbéèrè yìí là mí lójú. Wọ́n tún ìtànṣán ṣù jọ títí lẹ́tà fi já gaara, wọ́n sì ní kí n rẹ ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀, kí n kà á nínú òkùnkùn.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Mo ti fèrèsé, mo fi aṣọ òkè ta á, mo sì jẹ́ kí ojú mi mọ́ òkùnkùn lára. Àbúrò mi kan jókòó sí ìta ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé àti bírò. Mo ń kà, ó ń kọ. Òru mẹ́ta ni ó gbà wá. Ní òru kẹta ni a dé ibi ilẹ̀ oko. Ohun tí àwọn ìyá sọ ni pé wọn kò pín ilẹ̀ náà fún ojúlé kankan; wọ́n fi í sílẹ̀ fún gbogbo agboolé láti máa fi bọ́ ẹni tí kò bá ní. Ojúlé méjì tí ó ń jà kò jàre. A ka ọ̀rọ̀ náà síta níwájú ẹbí, ìjà sì rọlẹ̀. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí ojú ẹ̀rọ náà ṣókùnkùn pátápátá.

Ìkádìí

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kókó mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a mú lọ sílé.

Ìkíní ni pé àìsàn ojú ẹ̀rọ ní èdè tí ó ń sọ. Fífún, wíwọ́, yíyí, fífì àti ṣíṣókùnkùn kì í ṣe ohun kan náà, ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó yóò mọ ibi tí ó ti ń bọ̀ kí ó tó náwó. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ìkejì ni pé irú ìgò yìí kò sí ní ọjà tuntun mọ́, òjé sì wà nínú gíláàsì rẹ̀. Kò yẹ kí a máa fọ́ ọ lórí ààtàn nítorí bàbà díẹ̀ tí ó wà lọ́rùn rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ wa ti ń ṣeré tí omi òjò sì ti ń ṣàn lọ sínú kànga.

Ìkẹta ni èyí tí ó kan ẹ̀ka tiwa jù lọ. Ohunkóhun tí ó bá wà nínú ẹ̀rọ àtijọ́ nílé yín, ìtàn ẹbí, oríkì, ìwé owó, tàbí àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, ẹ dà á kọ nísinsìnyí tí ojú ẹ̀rọ náà ṣì ń ríran. Bẹ́ẹ̀ sì ni kí àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ èdè máa lọ jókòó ti àwọn àgbà atúnrédíòṣe ní Bẹẹrẹ, ní Ọjà'ba àti ní ibi gbogbo, kí a gba ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn sílẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣe gba ti àwọn ìyá. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ka ìgbì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán kò sí nínú ìwé kankan tí mo ní lọ́wọ́, àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n sì ń darúgbó bí ìgò tí wọ́n ń tún ṣe.